Ẹ bá mi dá sí ọkọ̀ àwọn ajalè-sánmà inú kọ́míìkì mi

Pẹ́ńsùlù_Kubwa
Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo mọ̀ pé ìtàn lásán ni ọ̀pọ̀ yín ń kọ níbí, ṣùgbọ́n mo ti rí ayàwòrán bíi mélòó kan, mo sì mọ̀ pé olùkọ́ físíìsì kan wà láàárín wa tí kì í gbójú fo àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Ẹ gbà mí.

Bí kọ́míìkì mi ṣe lọ nìyí. Ó di nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sí ìsinsìnyí. Àwọn èèyàn ń wa omi dídì àti irin lára àwọn òkúta ńláńlá tó ń yí Oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kó o wá sílé. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyálọ́jà. Oníṣòwò ni tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ ńlá kan rẹ́ ẹ jẹ, ló bá di ajalèlókun, àfi pé òkun tirẹ̀ kò lómi. Àwọn méje ló wà nínú ọkọ̀. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Àwòdì, torí bí àwòdì ṣe ń gbé òròmọdìyẹ ló ṣe ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù.

Fún ẹni tí fótò mi ò bá ṣí fún (wọ́n ti mú iná lọ, fóònù ni mo fi yà á): imú ọkọ̀ ṣóṣóró bí ẹnu ẹyẹ, ìyẹ́ méjì gígùn tẹ̀ sẹ́yìn, ìbọn mẹ́jọ wà níwájú, ihò iná mẹ́rin wà nídìí, gbogbo rẹ̀ dúdú kirikiri kí wọ́n má bàa rí i. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta, ó pa gbogbo iná. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Lójijì, wàà! Àwòdì yí bìrí, ó já bọ́ lé e lórí.

Mo ti yà á lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ó rẹwà, mi ò parọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́mìí. Kí ló ń ṣe é?

Ṣàkì_Wuse
9:20 alẹ́

Kò sóhun tó ń ṣe é. Ìyẹ́ yẹn nìkan tó kí èèyàn rawó. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyáafísíìsì_Minna
10:03 alẹ́

Pẹ́ńsùlù, àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ dáa, ìlà rẹ kò gbọ̀n. Èmi ni olùkọ́ tí o fi ọgbọ́n bú yẹn, mo ti gbọ́.

Jẹ́ kí n ti ibi tó máa dùn ọ́ jù bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi ìsápamọ́ ní sánmà. O kun ọkọ̀ ní dúdú, o pa iná, o rò pé ó ti parí. Àwọn méje wà nínú rẹ̀, àbí? Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ lásán, ooru tó ń ti ara rẹ̀ jáde tó nǹkan bíi 100 wáàtì. Ti àwọn méje jẹ́ 700. Ó kù díẹ̀ kó tó áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè yọ okùn rẹ̀ kúrò lára iná. A ò tíì ka ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, a ò tíì ka ẹ́ńjìnnì. Òfìfo tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ńkọ́? Ó tutù tó nǹkan bíi 270 lábẹ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ohunkóhun tó bá gbóná bíi yàrá tí èèyàn ń gbé, yóò máa tàn níbẹ̀ bí àtùpà láàárín oko lóru. Ojú wa kò ní rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ń rí ooru máa rí i láti ibi tó jìnnà gan-an. Ọ̀dà dúdú kò ran nǹkan kan.

Ẹ̀yìn òkúta wá ńkọ́? Àwọn òkúta yẹn kò sún mọ́ra bí o ṣe yà wọ́n. Ọkọ̀ sánmà Pioneer 10 tí Amẹ́ríkà rán lọ ní 1972 ló kọ́kọ́ la àárín wọn kọjá, kò sì kọlu ọ̀kankan. Bí o bá dúró lórí ọ̀kan, o lè má fi ojú lásán rí èkejì rárá.

Ìyẹ́: orí atẹ́gùn ni ìyẹ́ máa ń sinmi lé. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "wàà" yẹn, ta ló gbọ́ ọ?

Èyí tó kẹ́yìn: ọkọ̀ sánmà kì í yí bìrí. Bó bá ti ń sáré lọ síbì kan, ibẹ̀ náà ló ń sáré lọ, ì báà kọjú síbòmíràn. Kó tó lè dẹwọ́ eré, àfi kó yí ìdí síwájú, kó wá máa tan ẹ́ńjìnnì sí ọ̀nà ibi tó ń lọ. Eré yẹn kì í sì í ṣe eré kékeré. Ibùdó òfurufú àgbáyé, ISS, tó ń yí Ayé po lókè wa yìí, ń rin nǹkan bíi kìlómítà 7.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú irin Àbújá sí Kàdúná jẹ́ kìlómítà 186. Kò ní lo ìṣẹ́jú àáyá 25 lórí rẹ̀. Báwo ni o ṣe fẹ́ ti ẹ̀yìn òkúta já bọ́ lé ohun tó ń sá bẹ́ẹ̀?

Ṣàkì_Wuse
10:11 alẹ́

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú ọmọ yìí. Ta ló ń ka kọ́míìkì kó lè yege nínú ìdánwò? Bí ọkọ̀ ò bá dún "wàà", kí lẹ fẹ́ kó kọ síbẹ̀, "ẹ dákẹ́"?

Ìyáafísíìsì_Minna
10:14 alẹ́

Kódà, ojú ewé kan tí kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀ lè bani lẹ́rù ju "wàà" ogún lọ. Mo kàn sọ tèmi ni.

Pẹ́ńsùlù_Kubwa
10:30 alẹ́

Ó dùn mí lóòótọ́, mà. Bí mo bá yọ ìyẹ́, tí mo yọ dúdú, tí mo yọ ẹ̀yìn òkúta, kí ló kù? Páìpù tó ń tan iná nídìí.

Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Tèmi ò tiẹ̀ wá rí ẹ̀fúùfù.

Bàbá_Apo
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:41 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ọkọ̀ yìí, ta ló ṣe é?

Pẹ́ńsùlù_Kubwa
7:55 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀, sà. Mi ò tíì ronú débẹ̀. Bóyá Ìyálọ́jà ló ní kí wọ́n ṣe é fún òun?

Bàbá_Apo
8:37 àárọ̀

Ṣé o rí i. Ọmọ mi, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Kàdúná ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó kó wá sí Àbújá. Mi ò tíì rí olè tó lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ní kí wọ́n bá òun ṣe ọkọ̀ olè. Ọkọ̀ olè, ọkọ̀ ẹlòmíì ni. Ìdí nìyẹn tí tìrẹ ò fi lẹ́mìí. Ó mọ́ jù. Gbogbo ara rẹ̀ bára mu bíi pé ẹnì kan ló ṣe é tán lọ́jọ́ kan.

Wọkọ̀ lọ sí Zuba, kó o dúró ti tírélà kan tó ti gbó. Má ya fótò o, awakọ̀ á rò pé o fẹ́ fi òun sùn. Kí o kàn wò ó. Ilẹ̀kùn ọ̀tún búlúù, ti òsì pupa, torí ti ọ̀tún bá jàǹbá kan lọ, ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti já búlúù yẹn. Táǹkì epo kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, èkejì jẹ́ dúrọ́ọ̀mù tí jórinjórin gé, tó sì tún jó pa pọ̀. Wo ojú ibi tó jó yẹn dáadáa. Ẹni tó bá mọṣẹ́, ojú ìjó rẹ̀ á tò tẹ̀lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á rí wúruwùru bí ìgbẹ́ adìyẹ. Ọkọ̀ kan lè ní méjèèjì lára, ìyẹn á sì sọ fún ọ pé ọ̀gá ló jó tọjọ́ yẹn, ọmọṣẹ́ ló jó tòní, tàbí pé owó ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Níbi tí òróró bá ti ń jò, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á di dúdú. Níbi tí ọwọ́ bá ti ń kàn lójoojúmọ́, ọ̀dà á ti ṣí, irin á máa dán. Àtẹ̀gùn tí awakọ̀ ń tẹ̀ gùn ún, àárín rẹ̀ nìkan ló máa ń dán.

Kó o tó ya nǹkan kan mọ́ ara ọkọ̀ yẹn, bi í pé, "Ara ta ni wọ́n ti yọ ọ́?"

Ìlọrin_ní_Kàdúná
9:20 àárọ̀

Bàbá ti sọ̀rọ̀. Ìtàn sì ti Bàbá lẹ́yìn.

Ajalèlókun Blackbeard tí gbogbo ayé mọ̀, òun kọ́ ló kan ọkọ̀ rẹ̀, Queen Anne's Revenge. Ọkọ̀ ẹrú àwọn Faransé ni, La Concorde lorúkọ rẹ̀. Ó gbà á ní 1717, ó kó ìbọn kún un. Nígbà tó di 1718, ọkọ̀ fẹsẹ̀ kọ́ iyanrìn ní etíkun North Carolina, ó parí síbẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Whydah. Orúkọ yẹn, Ouidah tó wà ní Benin ni, ìlú tí àwọn àgbà kan ń pè ní Àjùdá. Torí òwò ẹrú ni wọ́n ṣe fi orúkọ ìlú náà sọ ọkọ̀. Ajalèlókun kan, Sam Bellamy, gbà á ní 1717. Ọdún yẹn náà ni ìjì da òun àti ọkọ̀ nù lẹ́bàá Cape Cod ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wá rí i lábẹ́ omi ní 1984, agogo rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sí i ṣì wà níbẹ̀: THE WHYDAH GALLY 1716. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà, orúkọ àkọ́kọ́ ò kúrò lára agogo. Ronú sí ìyẹn nígbà tó o bá ń ya tìrẹ.

Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń ṣe sí ọkọ̀ oníṣòwò tí wọ́n bá gbà: wọ́n á wó ògiri àwọn yàrá inú rẹ̀ kí àyè lè gba èèyàn, wọ́n á dá ihò ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú ibi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀ ṣì máa hàn nílẹ̀. Ya ojú ògiri yẹn.

Àti pé Ìyálọ́jà kò gbọ́dọ̀ máa dá pàṣẹ. Nínú òfin ọkọ̀ ajalèlókun mìíràn, Bartholomew Roberts, ìpín méjì péré ni ti ọ̀gá nínú ẹrù tí wọ́n bá jí, gbogbo wọn ló sì ń dìbò. (Roberts yẹn náà já ọkọ̀ gbà ní Ouidah ní oṣù kìíní 1722. Oṣù kejì ni ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì pa á lẹ́bàá Cape Lopez, ní Gabon. Ẹ dárí jì mí, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí mi ò mọ ibi tí mo ti ń dúró.)

Pẹ́ńsùlù_Kubwa
10:02 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn yìí! Mo ti ya gbogbo rẹ̀ nù. Ó di ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n jí: orí kékeré, ọ̀pá gígùn láàárín tí wọ́n to kọ̀ǹténà mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ́ńjìnnì nídìí. Ẹ rántí àwọn bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tó máa ń dé pẹ̀lú orúkọ búrẹ́dì Jámánì àti nọ́ńbà fóònù lára, tí ẹnikẹ́ni ò ní pa rẹ́ títí bọ́ọ̀sì á fi kú? Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kí orúkọ àtijọ́ máa yọjú lábẹ́ ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo há sí nìyí: Ìyáafísíìsì ní kò lè sá pamọ́, kò sì lè já bọ́. Báwo ló ṣe máa wá jalè?

Alásè_Gwarinpa
11:48 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ nǹkan kan nípa sánmà, oúnjẹ òde ni mò ń sè. Ṣùgbọ́n mo mọ olè.

Ọdún tó kọjá, a lọ sè níbi ìgbéyàwó kan. Àǹkárá aláwọ̀ ọsàn ni wọ́n dá. Obìnrin kan wọ̀ ọ́ wá, gèlè rẹ̀ dúró ju ti ìyá ìyàwó lọ. Ó bá mi gbé ìrẹsì kiri tábìlì, ó ń pè mí ní "àǹtí mi", kódà òun ló kìlọ̀ fún mi pé kí n ṣọ́ kúlà ẹran. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, fóònù mẹ́rin ti lọ, kúlà ẹran náà ti lọ. A bi ẹbí ìyàwó, wọ́n ní ẹbí ọkọ ló mú un wá. A bi ẹbí ọkọ, wọ́n ní ẹbí ìyàwó ni.

Kò sá pamọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Gbogbo wa la rí i. Kí ló dé tí ọkọ̀ tìrẹ fi ń ṣe wàhálà òkúta? Jẹ́ kó dá aṣọ ẹbí.

Bàbá_Apo
11:53 àárọ̀

Háà. Ó tán.

Ìlọrin_ní_Kàdúná
12:10 ọ̀sán

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe gan-an nìyẹn! Àsíá orílẹ̀-èdè ẹlòmíì ni wọ́n máa ń ta sókè títí wọ́n á fi sún mọ́ ọ. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ ni wọ́n máa ń fa dúdú yọ, kí ẹ̀rù lè bà ọ́, kó o juwọ́ sílẹ̀ láìjà. Ọkọ̀ tí ìbọn bá ti fọ́ ò lérè mọ́.

Ìyáafísíìsì_Minna
2:35 ọ̀sán

Ọmọ iléèwé mi ni mo ń kọ́ látàárọ̀, mo dé, mo wá bá a pé alásè ti yanjú ohun tí mo fi gbogbo òru rò. Mo gbà fún yín, mà.

Ó rọrùn báyìí. Gbogbo èèyàn rí Àwòdì. Wọ́n rí ooru rẹ̀, wọ́n mọ ibi tó wà, wọ́n kàn ń rò pé tírélà bíi tàwọn ni. Òun àti ọkọ̀ akẹ́rù jọ gbéra láti ibùdókọ̀ kan náà, wọ́n jọ ń sáré kan náà lọ síbì kan náà, bóyá fún oṣù mẹ́ta. Nínú eré yẹn, lójú ara wọn, ńṣe ni wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n tiẹ̀ lè máa bá ara wọn tayò lórí rédíò.

Àmọ́ kí olè tó lè gbé ẹrù sá, ó nílò ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti tírélà lọ. Ẹ́ńjìnnì ńlá, ooru ńlá. Kò sì sí atẹ́gùn tó máa gbé ooru yẹn lọ bó ṣe ń gbé ti rédíétọ̀ mọ́tò. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ooru ń gbà kúrò ní sánmà ni kó tàn jáde bí ìmọ́lẹ̀. Àwọn páálí funfun gígùn tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ISS, yàtọ̀ sí èyí tó ń gba iná oòrùn, rédíétọ̀ ni wọ́n. Amóníà ló ń gbé ooru lọ bá wọn.

Ó wá ní òfin kan tí mo fẹ́ràn. Tí o bá sọ ìgbóná rédíétọ̀ di ìlọ́po méjì (láti ibi tí òtútù ti parí pátápátá ni ká ti kà á o, kì í ṣe láti òdo Celsius), ooru tó ń tú jáde máa di ìlọ́po 16. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kánjú á jẹ́ kí rédíétọ̀ rẹ̀ gbóná gan-an. Tí irin bá sì ti gbóná tó nǹkan bíi 525 lórí ìwọ̀n Celsius, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú.

Pẹ́ńsùlù, má sọ ìyẹ́ rẹ nù. Ká a, kó o tọ́jú rẹ̀ sínú àwọn kọ̀ǹténà wọ̀nyẹn. Ẹrù kankan ò sí nínú wọn. Lọ́jọ́ tí Ìyálọ́jà bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà á ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹ́ á nà jáde ní dúdú, á wá pọ́n díẹ̀díẹ̀ láti ìdí lọ sí ṣóńṣó. Kò sí ohùn kankan. Ìgbà yẹn ni àwọn ará ọkọ̀ kejì máa mọ̀ pé àwòdì ni àwọn ti ń pè ní àdàbà látọjọ́ yìí.

Tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí apá kan má bàa máa tan ooru sí èkejì. Etí rẹ̀ ni kó kọ sí Oòrùn.

Pẹ́ńsùlù_Kubwa
2:41 ọ̀sán

Mà. MÀ. Mo ti dìde dúró.

Ṣàkì_Wuse
3:06 ọ̀sán

Ó dáa, mo túúbá. Mo fẹ́ bèèrè nǹkan kan kí n tó lọ jẹun. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jalè tán, ṣebí wọ́n máa ká ìyẹ́ padà kí wọ́n lè jọ tírélà? Tí wọ́n bá ká a, ooru ńkọ́?

Ìyáafísíìsì_Minna
3:09 ọ̀sán

Á máa kó jọ sínú ọkọ̀. Kò ríbi lọ.

Bàbá_Apo
3:15 ọ̀sán

Bí ẹni tí rédíétọ̀ rẹ̀ já lóṣù Ẹrẹ́nà, lọ́nà Lókója, tí kò sì lè dúró torí ibi tó já sí ò dáa.

Ṣàkì_Wuse
3:30 ọ̀sán

Ìtàn yín nìyẹn! Gbogbo orí kẹta nìyẹn. Ọlọ́pàá ń bọ̀, wọ́n ń yẹ gbogbo ọkọ̀ wò. Ìyálọ́jà ká ìyẹ́ mọ́ra. Ní igun ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ya ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, kékeré báyìí: 31, 36, 40. Àwọn méje ti bọ́ aṣọ sílẹ̀, ó ku ṣòkòtò péńpé. Òógùn ò sì lè kán, àbí, Ìyá?

Ìyáafísíìsì_Minna
3:34 ọ̀sán

Tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, kò ní kán. Á lẹ̀ mọ́ ara bí omi sọ́ọ̀pù, á máa nípọn sí i.

Ṣàkì_Wuse
3:35 ọ̀sán

Ọlọ́run ò. Ọlọ́pàá wá ń bi wọ́n lórí rédíò pé kí lẹ gbé, ó ń fi sùúrù ka fọ́ọ̀mù sí wọn létí. Ó ń béèrè sípẹ́lì orúkọ. 43.

(Ẹni tó sọ pé físíìsì ń ba ìtàn jẹ́ lánàá, mi ò mọ̀ ọ́n.)

Adarí
4:00 ìrọ̀lẹ́

Mo ti yọ ìpolówó ilẹ̀ Lugbe tí ẹnì kan gbé síbí. Ẹ máa bá ọkọ̀ lọ.

Atẹ̀wé_Garki
5:22 ìrọ̀lẹ́

Mo ń kà yín bọ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ̀wétẹ̀wé ni tèmi. Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé o máa ya ọkọ̀ yìí ní igba ìgbà kí ìwé kan tó parí? Gbogbo ìpẹ́ ẹja tí Bàbá ń sọ dára, ṣùgbọ́n tí o bá ní kí o ya ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ní ojú ewé ogún o máa kórìíra ara rẹ. Mú nǹkan márùn-ún péré tí kì í yí padà: ilẹ̀kùn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, dúrọ́ọ̀mù yẹn, orúkọ abẹ́ ọ̀dà, kọ̀ǹténà kan tó tẹ̀, àtẹ̀gùn tó dán. Ìyókù, òjìji ni kó jẹ́. Dúdú àti funfun lo máa tẹ̀, ìlà tó bá tín-ín-rín jù, yíǹkì á dì í pa.

Lẹ́yìn náà, ya á kó má ju èékánná àtàǹpàkò lọ, kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú. Ìyẹ́ kíká lọ́tọ̀, ìyẹ́ nínà lọ́tọ̀. Tí ọmọ ọdún méje ò bá lè pe èkíní ní tírélà, kó pe èkejì ní ẹyẹ, padà sẹ́nu iṣẹ́.

Tí o kò bá ní kọ̀ǹpútà tó lè gbé Blender, ètò tí a fi ń mọ àwòrán tó ṣeé yí wò, fi páálí kàn án.

Ìyáafísíìsì_Minna
7:18 alẹ́

Kí n má gbàgbé inú ọkọ̀. Má to àga bíi ti bọ́ọ̀sì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ti ọkọ̀ láti ìdí, ìdí yẹn ló máa di "ìsàlẹ̀" fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, kì í ṣe bọ́ọ̀sì. Yàrá orí yàrá, àkàbà láàárín. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, gbogbo wọn á máa léfòó.

Alásè_Gwarinpa
8:05 alẹ́

Ìbéèrè òǹtajà: omi dídì tí wọ́n jí, ta ló máa rà á? Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?

Ìlọrin_ní_Kàdúná
8:19 alẹ́

Ó ti rí orúkọ abẹ́ ọ̀dà náà. KÀKÀKÍ. Orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́ nìyẹn, torí ìgbéraga. Àwọn méje ń pè é ní Àwòdì láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ẹ̀gbẹ́ kan tàn sí i, KÀKÀKÍ á yọjú. Lẹ́yìn kọ̀ǹténà tó kẹ́yìn, níbi tí àwọn onítírélà tiwa máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí, jẹ́ kí ẹ́ńjìníà wọn tó jẹ́ ọmọ Kánò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ "Allah ya kiyaye", kí Ọlọ́run ṣọ́ wa.

Tí o bá sì ń wá páálí oòrùn tó máa lẹ̀ mọ́ ọn, sátẹ́láìtì NigComSat-1 tiwa tí wọ́n rán lọ ní 2007, tí agbára iná rẹ̀ tán ní 2008, ta ló máa béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀ọ́dúnrún ọdún?

Ìyáafísíìsì_Minna
8:24 alẹ́

Wọ́n máa ní kó kọ lẹ́tà wá.

Pẹ́ńsùlù_Kubwa
Ọjọ́ Àìkú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mi ò lọ sóde lónìí. Mo ti kàn án.

Agolo mílíìkì mẹ́ta tí mo lẹ̀ pọ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá àárín jẹ́ igi ìgbálẹ̀. Páálí indomie ni kọ̀ǹténà, mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́fà ní èkejì. Mo tẹ ọ̀kan wọlé pẹ̀lú àtàǹpàkò. Mo fi bírò kọ KÀKÀKÍ, mo fi ọ̀dà funfun tó ṣàn kùn ún lórí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ń yọjú bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyẹ́, páànù agolo tòmátì ni. Ó ti gé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo pa iná yàrá, mo gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan bí Oòrùn. Àbúrò mi obìnrin wọlé. Mo ká ìyẹ́, mo ní kí ni èyí. Ó ní tírélà tó gbé ike. Mo na ìyẹ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ìbọn mẹ́jọ ti di ẹyọ kan. Ẹ wo fótò.

Bàbá_Apo
6:22 ìrọ̀lẹ́

O káre láé. Ó ti lẹ́mìí.

Ṣùgbọ́n wo fótò kejì. Ìta ni ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà rẹ ń ṣí sí, ibẹ̀ náà ni ìyẹ́ ń gbà jáde. Tí gbogbo wọn bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹ́ kẹta máa kọlu ilẹ̀kùn kejì. Ibo lo fi ínjì sí?

Pẹ́ńsùlù_Kubwa
6:29 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbẹ́ iwájú, sà.

Bàbá_Apo
6:30 ìrọ̀lẹ́

Gbé e lọ sókè. Kó máa ṣí bíi búùtù mọ́tò.

Pẹ́ńsùlù_Kubwa
6:33 ìrọ̀lẹ́

Mo ń wá sísọ́ọ̀sì.